Igbó Tó Ń Mu Ìkùukùu

Ní Monteverde, kò dìgbà tí òjò bá rọ̀ kí aṣọ tó tutù mọ́ni lára. Ènìyàn á kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé, á rìn dé etí igbó, ààrá ò sán, òjò ò ṣú, síbẹ̀ omi á ti máa kán láti etí fìlà rẹ̀. Ìkùukùu ló gba ara rẹ̀ kọjá. Atẹ́gùn ló ń ti afẹ́fẹ́ olómi bọ̀ láti orí òkun Kàríbíánì. Bó bá dé ìdí òkè, kò ríbi yà sí, àfi kó gòkè. Bó ṣe ń gòkè ni òtútù ń mú un, tí omi inú rẹ̀ ń di ìkùukùu, tí ìkùukùu sì ń wọ́ gba àárín igi. Ewé tó bá kàn á gba omi lára rẹ̀, á kán an sórí ẹ̀ka, ẹ̀ka á sun ún sára ìtì, omi á sì bá ìtì sọ̀kalẹ̀ dé gbòǹgbò. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò gidi bá wọ́n, omi yìí wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí odò ibẹ̀ gbẹ.

Mo ti ka gbogbo èyí kí n tó kúrò nílé. Kíkà rẹ̀ yàtọ̀ sí kí omi náà máa ṣàn wọ ọrùn ẹ̀wù ẹni.

Orílẹ̀-èdè Costa Rica kéré. Òkun Kàríbíánì wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, òkun Pàsífíìkì ní ìwọ̀-oòrùn, òkè sì tò sáàárín méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà. Lórí òkè Tilarán ni Monteverde wà, níbi tó ga tó 1,400 mítà sí ojú òkun, igbó náà sì tún gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní pápákọ̀ òfurufú San José, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, nítorí Nàìjíríà ni mo ti ń bọ̀; ẹni tó bá ń lọ láti ilé kó má gbàgbé rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin tó jókòó tì mí béèrè bóyá ọmọ Limón ni mí. Limón ni ìlú èbúté ìhà Kàríbíánì tí ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ Costa Rica ń gbé. Jàmáíkà ni púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn ti wá ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún láti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Mo ní rárá o, ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ó yí sí mi dáadáa, ó la ọsàn rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní apá kan.

Ìhà Pàsífíìkì ni ọ̀nà náà gbà gòkè, ìhà yìí sì gbẹ ní oṣù Ẹrẹ́nà: pápá màlúù tí koríko rẹ̀ ti pọ́n, igi kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀fúùfù ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí tí kò fi lè nà mọ́. Lẹ́yìn wa, nísàlẹ̀ réré, omi òkun ń dán ní Nicoya. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkúta àti eruku ni ọ̀nà yìí, àwọn kan nínú ará òkè sì fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé títì tó bá dán yóò kó èrò wá ju èyí tí igbó lè gbà lọ. Wọ́n ti da ọ̀dà sí i báyìí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó bẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn. Ní Santa Elena, ìlú kékeré tó wà lẹ́bàá igbó, ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ ti tò sójú pópó lọ rẹrẹ, níbi gbogbo ni wọ́n sì ti ń polówó okùn irin tí ènìyàn ń so mọ́ láti sáré gba orí igi kọjá. Ẹni tó bá ń fi igbe sáré lórí igi kò lè gbọ́ ohùn ẹyẹ kankan.

Èmi ò dúró nínú ìlú. Ilé àlejò tí mo lọ wà ní òpin ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ la fi dé ibẹ̀, ẹṣin ló ru ẹrù wa. Pákó ni ilé náà láti ilẹ̀ dókè, páànù ni òrùlé. Bàtà rọ́bà tò sẹ́nu ọ̀nà, ńlá àti kékeré, àlejò á mú èyí tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, nítorí ẹrẹ̀ ibẹ̀ kò mọ bàtà olówó gọbọi. Kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù. Kúbùsù mẹ́ta ni mo fi ń bora lóru. Ní ilé ìwẹ̀, orí ibi tí omi ti ń jáde gan-an ni wáyà iná wà, òun ló ń mú omi gbóná: bí o bá ṣí omi púpọ̀, yóò tutù, bí o bá ṣí i díẹ̀, yóò gbóná. Kò pẹ́ tí ọwọ́ ń mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò mọ́ mi lára ni pé nǹkan kì í gbẹ. Aṣọ ìnura tí mo lò láàárọ̀ ṣì tutù ní alẹ́, etí ìwé mi ká, iyọ̀ orí tábìlì sì di òkúta.

Ìyá onílé ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àwọn ló ń kọ́kọ́ jí, tí wọ́n á po kọfí. Wọn kì í lo ẹ̀rọ. Àpò aṣọ kan ló so kọ́ sára igi kékeré lórí tábìlì. Wọ́n á da kọfí lílọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á máa da omi gbígbóná lé e díẹ̀díẹ̀, kó máa jò sínú ife nísàlẹ̀. Òórùn rẹ̀ ló ń jí gbogbo ilé. Oúnjẹ àárọ̀ ni gallo pinto: ìrẹsì àná tí wọ́n dín pọ̀ mọ́ ẹ̀wà dúdú àti àlùbọ́sà, pẹ̀lú ẹyin, wàràkàṣì funfun àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa tí wọ́n dín. Dòdò ni, kò yàtọ̀ rárá. Mo jẹ ẹ́ títí ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ dín òmíràn. Ní ìrọ̀lẹ́, ṣúgà ìrèké tí wọ́n sè títí tó fi dì ni wọ́n ń yọ́ sínú omi gbígbóná, wọ́n ń pè é ní agua dulce. Mi ò mọ ohun tó tún dára jù ú lọ fún ẹni tí òtútù ti wọ̀ dé egungun.

Mo fẹ́ràn irú ilé báyìí nítorí kì í fi ohun tó ń gbé e ró pamọ́ fún àlejò. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, ara ògiri ni omi ti ń jáde, ọ̀rọ̀ parí. Níbí, ọmọ ìyá onílé, tó tún jẹ́ amọ̀nà wa nínú igbó, mú mi tẹ̀lé páìpù dúdú kan láti ẹ̀yìn ilé ìdáná. A gòkè, a yí gba abẹ́ òkúta, a sì bá orísun omi náà: ihò kékeré tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ etí rẹ̀, tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀ kí ewé má baà dí i. Lókè ibẹ̀, igi nìkan ló kù. Kò sí pápá, kò sí màlúù. Ó ní bàbá àgbà òun gé igi gòkè bọ̀ dé ibi báyìí, ó na ọwọ́ sí i, ibẹ̀ ni wọ́n sì dúró sí. Mo ní kí ló dá wọn dúró. Ó ní wọ́n rí i pé omi ń dín kù.

Ìtàn gbogbo òkè náà wà nínú ìdáhùn yẹn. Ní 1949, wọ́n rán ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin láti ìjọ Quaker ní Fairhope, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n kọ̀ láti forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun. Ìgbàgbọ́ ìjọ wọn kò gba ogun jíjà láyè. Lẹ́yìn èyí, àwọn kan nínú ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ tí owó orí wọn kò ní di owó ìbọn. Costa Rica ti tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ ká ní 1948, kò sì tíì dá òmíràn sílẹ̀ dòní. Ní 1951, ìdílé mọ́kànlá, ènìyàn 44, wá tẹ̀dó sórí òkè yìí. Wọ́n gé igi, wọ́n sin màlúù, wọ́n dá ilé iṣẹ́ wàràkàṣì sílẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n; kì í ṣe pé wọ́n wá tọ́jú igbó. Síbẹ̀ wọ́n ya 554 hẹ́kítà sọ́tọ̀ lórí òkè, níbi tí odò wọn ti ń ṣàn wá, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àáké kan igi ibẹ̀. Omi ni wọ́n ń dáàbò bò. Ẹwà igbó, ẹyẹ, òdòdó, ẹ̀yìn ni gbogbo ìyẹn dé. Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Orísun odò kì í ṣe ibi tí a kàn ń gbé àdá wọ̀.

Nígbà tí George Powell, akẹ́kọ̀ọ́ onímọ̀ ẹyẹ, àti ìyàwó rẹ̀ dé ibẹ̀ láti ṣe ìwádìí, àwọn àgbẹ̀ mìíràn ti ń gé igi bọ̀ láti apá kejì òkè. Òun àti Wilford Guindon, ọ̀kan nínú àwọn Quaker náà, ló sapá tí igbó ààbò Monteverde fi bẹ̀rẹ̀ ní 1972 lórí 328 hẹ́kítà. Ọ̀rọ̀ Guindon ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ó ti gé igi, ó tiẹ̀ ti ta ayùn ẹlẹ́ńjìnnì fún àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun náà ló wá di ẹni tó ń la ọ̀nà inú igbó, tó ń lé ọdẹ padà, tó ń ṣọ́ ààlà títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ó kú ní 2016. Ẹni tó mọ bí igi ṣe ń ṣubú ni ó mọ ohun tó ń ṣọ́.

Inú igbó náà wá ńkọ́? Kí ènìyàn dúró sójú kan ló dára jù níbẹ̀. Igi ńlá kan kì í dá wà. Gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ni ewéko mìíràn ti hù lé lórí. Àfòmọ́ ni à bá pè wọ́n nílé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í fa oje igi tó gbé wọn. Omi ìkùukùu ni wọ́n ń mu, ewé tó jẹrà sórí ẹ̀ka ni ilẹ̀ wọn. Irú òdòdó ọ́kíìdì tó wà lágbègbè náà lé ní 400, àwọn kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí amọ̀nà wa fi ní láti yọ gíláàsì ìmúǹkantóbi fún wa. Mo fi ìka tẹ ewédò tó bo ẹ̀ka kan, omi tú jáde lára rẹ̀ bí ẹni fún kànrìnkàn. Nalini Nadkarni, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ti fi okùn gun igi ní Monteverde fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti fi hàn pé àwọn igi kan máa ń yọ gbòǹgbò láti ara ẹ̀ka wọn lókè lọ́hùn-ún, wọ́n á tì í bọ inú erùpẹ̀ tó ti kóra jọ sábẹ́ ewéko orí wọn, wọ́n á sì máa jẹun níbẹ̀.

Igi kan tún wà tó jẹ́ ẹbí ọ̀pọ̀tọ́. Ẹyẹ ló ń ṣu kóró rẹ̀ sórí ẹ̀ka igi ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ló ti ń hù, á ju gbòǹgbò sílẹ̀, gbòǹgbò á yí ìtì igi náà ká, á máa le sí i títí igi àkọ́kọ́ á fi kú, tí á jẹrà tán, tí ihò gbọọrọ á sì kù láàárín. Mo wọ inú ọ̀kan. Mo gbójú sókè, mo rí ojú ọ̀run ní òpin rẹ̀ lókè.

Lálẹ́, a tún padà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Aláǹtakùn onírun kan jókòó sẹ́nu ihò rẹ̀. Paramọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ká mọ́ ẹ̀ka tí mi ò bá dì mú ká ní amọ̀nà kò fi ọwọ́ dá mi dúró. Ẹyẹ tíntín kan ń sùn, ó ti fẹ ìyẹ́ nítorí òtútù. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré ń ké láti ibi gbogbo. Nígbà tí mo sọ pé wọ́n mà pọ̀ o, amọ̀nà náà kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ bí igbó yìí ṣe ń dún kí wọ́n tó bí òun kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ wúrà ló ní lọ́kàn. Jay Savage, onímọ̀ ẹ̀dá, ló kọ nípa rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1966. Akọ rẹ̀ pọ́n yòò, gbogbo ilẹ̀ tó ń gbé láyé kò sì ju bí i ẹ̀gbẹ́ òkè kan lọ ní Monteverde. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á jáde fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á pàdé nínú adágún kékeré ìdí igi, wọ́n á yé ẹyin, wọ́n á tún wọlẹ̀. Ní 1987, Martha Crump ka èyí tó lé ní 1,500. Adágún náà gbẹ kí ẹyin tó di ọ̀pọ̀lọ́. Ní ọdún kejì, ọ̀kan ṣoṣo ló rí ní ojúkò náà. Ní oṣù Èbìbí 1989, wọ́n tún rí ọ̀kan. Láti ìgbà náà, kò sí. Ní 2004, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti run.

Ohun tó mú kí èyí dun ènìyàn ni pé kò sí ẹni tó gé igi rẹ̀. Inú igbó ààbò ló wà, lẹ́yìn ààlà, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́. Àrùn kan tí ẹ̀yà olú tíntín ń fà sí awọ ara ti pa ọ̀pọ̀lọ́ káàkiri Amẹ́ríkà Àárín. Ọ̀dá ọdún tí adágún wọn gbẹ náà le pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi náà. Ní 1999, J. Alan Pounds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Nature pé láti àwọn ọdún 1970, ọjọ́ tí kùrukùru kì í dé orí òkè náà ní ẹ̀ẹ̀rùn ti ń pọ̀ sí i, nítorí ìkùukùu ń gòkè bí òkun ṣe ń gbóná. Ní 2001, R. O. Lawton àti àwọn tirẹ̀ fi kún un pé igbó tí wọ́n ti pa ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìhà Kàríbíánì náà lè máa ti ìkùukùu sókè, torí pápá màlúù kì í fún afẹ́fẹ́ ní omi tó bí igbó ṣe ń fún un. Ìyá onílé kò ka ìwé ìròyìn wọ̀nyẹn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, aṣọ tí a bá sá síta lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó má gbẹ. Nísinsìnyí, ó ń gbẹ lọ́jọ́ méjì. Wọn kò sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀.

Nítorí náà ni mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí a sáà fi ọgbà yí igbó ká, kí a tilẹ̀kùn, ó parí. Ẹ wo ẹyẹ quetzal, èyí tí gbogbo àlejò ń wá wò. Akọ rẹ̀ ní ìrù aláwọ̀ ewé tó gùn ju ara rẹ̀ lọ, àyà rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. A rí ọ̀kan ní kùtùkùtù, ó gbé èso píà ìgbẹ́ mì lódindi, ó sinmi díẹ̀, ó pọ kóró rẹ̀ sílẹ̀. Èso igi yìí kì í so lẹ́ẹ̀kan náà lórí òkè gbogbo, nítorí náà lẹ́yìn ìgbà ìtẹ́ ni quetzal máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè nísàlẹ̀, níbi tí oko kọfí àti pápá màlúù wà, tí igbó ààbò kò dé. Bí àgbẹ̀ ibẹ̀ kò bá dá igi sí, ẹyẹ náà kò ní ohun tí yóò jẹ. Àwọn àgbẹ̀ kan ti ń gbin igi tó ń dá ẹ̀fúùfù dúró sí etí pápá wọn. Màlúù ń rí ibi sá sí, ẹyẹ ń rí ọ̀nà gbà. Ìyá onílé náà ti gbin píà ìgbẹ́ sí ilẹ̀ tí bàbá wọn ti ń da màlúù.

Owó tí àlejò ń san náà ní ibi tó ń lọ, mo sì béèrè kí n tó san. Igbó ààbò Santa Elena, tó ṣí ní 1992, ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà ló ń bójú tó o, owó ìwọlé rẹ̀ sì ń ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Igbó Ayérayé Àwọn Ọmọdé bẹ̀rẹ̀ ní 1987 láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Sweden tí wọ́n kó owó jọ láti ra ilẹ̀ igbó. Àwọn ọmọdé orílẹ̀-èdè mìíràn fi kún un, ó ti lé ní 22,000 hẹ́kítà báyìí. Ìjọba pẹ̀lú gbé òfin kan kalẹ̀ ní 1996 pé kí wọ́n máa san owó fún ẹni tó bá dá igi sí lórí ilẹ̀ rẹ̀, ara owó orí epo ọkọ̀ ni wọ́n sì ń fi san án. Díẹ̀ nínú omi tó ṣàn sí apá kejì òkè náà ń lọ sínú adágún Arenal, níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe iná mànàmáná. Láti ibẹ̀ ni wọ́n tún ti ń darí rẹ̀ lọ bomi rin oko ní Guanacaste tó gbẹ. Ará San José tó tan iná ní yàrá rẹ̀ ń jẹ nínú omi igbó yìí, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Nàìjíríà náà ní irú igbó báyìí. Igbó Ngel Nyaki wà lórí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, ìnàkí ṣì ń gbé inú rẹ̀, Hazel Chapman láti Yunifásítì Canterbury ní New Zealand sì ti darí ìwádìí níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Màlúù tó ń jẹ wọ inú igbó, àti iná tí wọ́n fi ń sun koríko, ló ń jẹ ẹ́ láti etí. Láti orí Mambilla yẹn náà ni odò Donga ti ń ṣàn wá, odò tí ìjọba ti fẹ́ dí láti fi ṣe iná mànàmáná 3,050 megawatt láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì dáyé. Ìjọba kan á dé, á sọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe, òmíràn á dé, á sọ̀rọ̀ owó yíyá. Èmi ò tíì gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ igi tó wà lórí orísun odò náà, bẹ́ẹ̀ ìdídò tí odò rẹ̀ bá gbẹ, ògiri lásán ni. Gembu ni ìlú tó tóbi jù lórí òkè ọ̀hún. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀nà ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n.